Ẹ Bi Wá: Àwòrán Etí Inú àti Owó Ìwádìí Rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àrùn yírùnyírùn (meningitis) mú ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ara rẹ̀ ti yá, ṣùgbọ́n bí a bá pè é látẹ̀yìn, kì í bojú wẹ̀yìn. A ya CT orí (àwòrán onígègé tí a fi ìtànṣán X-ray yà) fún un, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n tún ní ká lọ ya MRI, àwòrán tí wọ́n ń fi òòfà ńlá yà. Ṣé kì í ṣe owó ni wọ́n ń wá? (Ìyá Ìbejì, Kubwa)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi MRI yẹn falẹ̀ rárá.

Ibi tí a fi ń gbọ́ràn nínú etí, cochlea, lọ́ bí ìkarahun ìgbín, ìdí rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 10 lọ. CT orí lásán sábà máa ń gé àwòrán sí ègé tó nípọn tó mìlímítà 5. Ègé bíi méjì ló máa kàn án. Kí lèèyàn fẹ́ rí níbẹ̀? CT egungun etí gan-an ló yẹ, èyí tí ègé rẹ̀ kò nípọn ju mìlímítà 0.6.

Síbẹ̀, egungun ni CT mọ̀ ọ́n rí. Yírùnyírùn máa ń gba ọ̀nà tóóró tó so omi ọpọlọ mọ́ etí inú wọ cochlea. Àpá á kọ́kọ́ gba ipò omi tó wà níbẹ̀, àpá náà á wá di egungun, èyí sì lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. MRI ń fi omi yẹn hàn ní funfun báláú; ibi tí àpá bá ti wà, funfun yẹn á pòórá. CT kò ní mọ̀ títí yóò fi di egungun, nígbà náà sì rèé, ó lè má rọrùn mọ́ fún dókítà láti ti wáyà ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí a ń fi iṣẹ́ abẹ sínú etí (cochlear implant) wọ cochlea.

Ẹ bèèrè bóyá agbára òòfà ẹ̀rọ MRI náà tó 1.5 Tesla. Ọmọ ọdún mẹ́ta kì í dúró jẹ́ẹ́, bó bá sì mi orí, àwòrán ti bàjẹ́. Ẹ rí i pé dókítà tó ń fúnni lóògùn oorun wà níbẹ̀. Ẹ gba àwòrán sórí CD, kì í ṣe fíìmù nìkan. Àyẹ̀wò ìgbọ́ràn ABR, èyí tó ń wo bí iṣan etí àti ọpọlọ ṣe ń dáhùn sí ìró, pàápàá kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí ara ọmọ yá. Bí ti Àbújá bá pẹ́, ẹ gba National Ear Care Centre lọ ní Kaduna.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí ní ẹ̀ka àwòrán ara ní yunifásítì ìjọba. A fẹ́ kọ̀wé sí TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lówó, fún owó ìwádìí lórí àwòrán etí inú. Ṣé ká béèrè MRI tuntun? (T. A., Zaria)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ẹ̀rọ náà á gbé gbogbo ìṣúná mì, yàrá tí a fi bàbà bò, hílíọ̀mù tó ń mú òòfà rẹ̀ tutù àti iná tí kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú á sì tún máa dúró dè yín.

Ìbéèrè tóóró kan ló dára jù: irú ètò àwòrán wo lórí ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ ló ń tètè fi àpá hàn lẹ́yìn yírùnyírùn? Ẹ fi ohun tí dókítà abẹ bá nínú cochlea ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí dókítà méjì ka àwòrán lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnì kìíní má rí ohun tí ẹnì kejì kọ. Ẹ mú dókítà etí, onímọ̀ ìgbọ́ràn àti onímọ̀ físíìsì mọ́ra láti ìgbà tí ẹ bá ti ń kọ àkọsílẹ̀ ìṣáájú (concept note).

Ẹ má ṣèlérí pé ẹ máa rí sẹ́ẹ̀lì onírun, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú cochlea tó ń gba ìró. Wọ́n tó bíi 15,000 nínú etí kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì fẹ̀ ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Ní Saskatoon, Kánádà, wọ́n ń fi ìtànṣán synchrotron (ẹ̀rọ ńlá tó ń mú ìtànṣán X-ray tó lágbára gan-an jáde) wo inú cochlea, ṣùgbọ́n egungun òkú ni. Ìtànṣán yẹn ti pọ̀ jù fún alààyè.

Nínú ìṣúná, owó àwòrán àti oògùn oorun ló máa pọ̀ jù. Ibi ìpamọ́ kò wọ́n: ègé CT kan tó bíi 0.5 MB, ègé 200 jẹ́ 100 MB, aláìsàn 200 jẹ́ 20 GB. Ẹ fi pamọ́ síbi méjì. Ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ìwádìí gbọ́dọ̀ dé kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni. Kí ẹ tó da àwòrán kọ, ẹ yọ orúkọ, nọ́ńbà fáìlì àti ọjọ́ ìbí kúrò nínú àkọlé DICOM, irú fáìlì tí wọ́n ń fi àwòrán ìṣègùn pamọ́ sí. Wọn kì í sábà hàn lójú àwòrán, inú fáìlì ni wọ́n ń sá pamọ́ sí.