Ta ni kí ó máa kọ nǹkan sínú kàlẹ́ńdà ilé ẹ̀kọ́?

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ìgbákejì ọ̀gá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn. Olùkọ́ 23 ni a ní, ṣùgbọ́n yàrá ìṣàyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì kan ṣoṣo ló wà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ físíìsì àti olùkọ́ kẹ́mísìrì kó ọmọ wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá kan náà. Ọ̀kan tẹ̀ lé ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, èkejì tẹ̀ lé ohun tí mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp lálẹ́ àná rẹ̀. Wọ́n ní Google Calendar, ìyẹn kàlẹ́ńdà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ máa wò lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, lè yanjú rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ọ̀gá wa, òótọ́ ni, bí ẹ bá lè jẹ́ kí ó jẹ́ òun nìkan ni ojúlówó. Ibi méjì ni ètò iṣẹ́ yín wà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá kàn fi kàlẹ́ńdà kún un láì sọ èyí tó lékè, ibi mẹ́ta ni aáwọ̀ yóò ti máa wá.

Ẹ fi ímeèlì tó jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ ṣí i, kí olùkọ́ tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ má baà gbé e lọ. Kọ̀ǹpútà ló rọrùn jù fún èyí. Nígbà tí ẹ bá ń fi orúkọ àwọn olùkọ́ sí i, Google yóò bi yín ní ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ṣe: kí ó kàn máa wò ó ni, àbí kí ó lè yí i padà. Ẹni méjì péré ni kí ẹ fún ní àṣẹ láti yí i padà. Mo mọ ilé ẹ̀kọ́ kan tí gbogbo olùkọ́ ti ní àṣẹ yìí. Ìka ẹnì kan ṣèèṣì wọ́ ìdánwò ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ sí Ọjọ́rú lórí fóònù, kò sì mọ̀. Ohun tí a bá pa rẹ́ ṣì ṣeé gbà padà láàárín 30 ọjọ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ kì í pariwo.

Ẹ ṣí kàlẹ́ńdà kejì fún yàrá sáyẹ́ǹsì nìkan. Ẹ má sì retí pé yóò dá ẹnikẹ́ni dúró: bí ènìyàn méjì bá gba agogo mẹ́wàá, yóò kọ àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni, ojú ẹni tó ń bójú tó o ni yóò rí i.

Ẹ yẹ aago fóònù wò pẹ̀lú. Tokunbọ̀ ni púpọ̀ nínú fóònù wa; èyí tó bá ṣì ń ka aago Lọ́ńdọ̀nù yóò gbé kíláàsì agogo mẹ́wàá sí agogo mẹ́sàn-án nígbà òtútù wọn.

Ní ti dátà, olùkọ́ tí tirẹ̀ bá tán yóò ṣì rí kàlẹ́ńdà lórí fóònù rẹ̀, àmọ́ ètò àná ni yóò máa wò. Nítorí náà, ẹ tẹ ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ jáde láti inú kàlẹ́ńdà ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ kọ déètì sí orí rẹ̀, kí ẹ sì ya ti àtijọ́ kúrò lára ògiri. Àyípadà tó bá dé lẹ́yìn agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ kọ́kọ́ pe olùkọ́ tó kàn lórí fóònù, kí ẹ tó kọ ọ́ sí kàlẹ́ńdà.