Èèyàn mẹ́rin ní ẹ̀tẹ̀ lọ́dún kan: ṣé ó ti ń ràn ká ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Abúlé kan wà nítòsí wa, ó tó ọdún mẹ́wàá tí a ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n rí mẹ́rin. Ibẹ̀ làwọn ọmọ mi ti ń lọ sílé ìwé. Ṣé àrùn náà ti ń ràn ká ni? Ṣé kí n yọ wọ́n? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ọ̀fà

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wọ abúlé náà lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n ń yẹ awọ ara wò láti ilé dé ilé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àrùn ò pọ̀ sí i, àwọn tó ń wá a ló pọ̀ sí i. Abúlé tó jìnnà sí títì, tí nọ́ọ̀sì kì í dé, lè máa jẹ́ òdo nínú ìwé lọ́dọọdún, kí ẹ̀tẹ̀ sì wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́. Ní tèmi, òdo ọdún mẹ́wàá yẹn ló ń kọ mí lóminú ju mẹ́rin yìí lọ.

Kòkòrò ẹ̀tẹ̀ lọ́ra gan-an. Ó máa ń tó nǹkan bí ọdún márùn-ún lára èèyàn kí àmì tó yọ, ó sì lè ju ogún ọdún lọ. Ẹni tí wọ́n rí lọ́dún tó kọjá lè ti kó o nígbà tó ń dáko nílùú ibòmíì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi í fi ọdún kan ṣoṣo ṣèdájọ́.

Ohun tí mo máa ń wò ni ọjọ́ orí wọn. Bí ọmọdé bá wà nínú wọn, ó ń ràn nítòsí lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí ìka ẹnìkan bá sì ti ká kí wọ́n tó rí i, a pẹ́ ká tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Láti 1998 ni iye àwọn tó ní ẹ̀tẹ̀ ní Nàìjíríà ti wà nísàlẹ̀ ẹnì kan nínú 10,000 èèyàn. Àmọ́ ẹ̀tẹ̀ kì í pín ara rẹ̀ dọ́gba. Èémí ẹni tí kò tíì gba ìtọ́jú, tí a jọ ń gbé pẹ́, ló ń gbé e ràn, nítorí náà ó máa ń kóra jọ sí ilé kan, sí abúlé kan. Bíbọwọ́ tàbí jíjọ jókòó ní kíláàsì ò ràn án, ara ọ̀pọ̀ èèyàn sì lágbára jù ú lọ.

Oògùn rẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, oṣù mẹ́fà tàbí méjìlá. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kì í pẹ́ tí kò fi ní lè kó o ran ẹlòmíì mọ́. Àmọ́ bí ẹ bá yọ àwọn ọmọ, àwọn ará abúlé á rí i, ẹni tí àmì bá tún yọ lára rẹ̀ á fi aṣọ bò ó, òdo á sì padà sínú ìwé.

Ẹ yẹ ara àwọn ọmọ wò nínú oòrùn. Bí ẹ bá rí ibì kan lára wọn tó pọ́n tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, ẹ ní kí ọmọ dijú, kí ẹ fi òwú kàn án. Bí kò bá mọ̀ ọ́n lára, ẹ mú un lọ bá òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ikọ́ ife àti ẹ̀tẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.