Lẹ́sìn wo ló yẹ ọmọ tó fẹ́ ka ìṣègùn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọbìnrin mi wà ní SS3, iṣẹ́ dókítà ló wù ú, Yunifásítì Ìbàdàn ló sì fẹ́ fi síwájú nínú fọ́ọ̀mù JAMB. Lẹ́sìn mẹ́ta ló wà ládùúgbò wa. Ọ̀kan lẹ fọ́tò àwọn ọmọ tó gba ju 300 lọ mọ́ gbogbo ara ògiri. Ìkejì kéré, ọmọ bí ogún péré ló wà níbẹ̀, owó rẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìkẹta, orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe é. Èwo ni kí n sanwó fún? — Bàbá ọmọ, Mọ́níyà, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó ọmọ, sà. Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ìbéèrè kan wà tó yẹ kí ẹ bi olórí lẹ́sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù ni ọmọ mi máa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà dáhùn 180 ìbéèrè ní wákàtí méjì, ta ni yóò sì bá a yẹ àwọn tó ṣì wò níkọ̀ọ̀kan?

Bí ìdánwò náà ṣe rí la fi ní kí ẹ bèèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ka ìṣègùn yóò ṣe Gẹ̀ẹ́sì, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì. Ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 60, ti àwọn mẹ́ta yòókù jẹ́ 40, 40. Ìṣẹ́jú 120 ni wọ́n fún gbogbo rẹ̀, ìyẹn ni pé 40 ìṣẹ́jú-àáyá ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó mọ̀wé dáadáa, àmọ́ tó jẹ́ pé ara pátákó nìkan ni wọ́n ti kọ́ ọ, lè wà ní ìbéèrè 130 kí aago tó pé. Wọn kì í sì í yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà, torí náà àádọ́ta tó fi sílẹ̀ yẹn, òfò gbáà ni. Bí àwa bá ń pín àkókò fún ọmọ, 20 ìṣẹ́jú la ó fún báyọ́lọ́jì, 30 fún Gẹ̀ẹ́sì, 30 fún kẹ́mísìrì, 35 fún físíìsì, ká fi márùn-ún tó kù padà sórí èyí tó fò. Irú ìpín bẹ́ẹ̀ kò ṣe é há sórí, ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń kọ́ wọn ní bọ́tìnnì mẹ́jọ tí JAMB ń lò: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ sí ìbéèrè tó kàn, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí, R bí ó bá yí ọkàn padà pé òun ò tíì parí. Mouse lè ya aláìgbọràn lọ́jọ́ ìdánwò. Ọmọ tí ìka rẹ̀ ti mọ bọ́tìnnì kò ní tìtorí ẹ̀ gbọ̀n.

Ní ti fọ́tò ara ògiri, iye àwọn tó yege lẹ rí, ẹ ò rí iye àwọn tó jókòó. Bí 400 ọmọ bá gba ibẹ̀ kọjá tí mẹ́wàá gba 300, ó ṣeé ṣe kí mẹ́wàá yẹn gbà á níbikíbi tí wọ́n bá wà. Ẹ ní kí wọ́n fi èsì odindi kíláàsì kan hàn yín, àtẹni tó gba 310 àtẹni tó gba 190. Kí ẹ tún bèèrè pé èló ni ẹni tó gba 310 yẹn ti gbà kó tó débẹ̀. Bó bá jẹ́ pé 295 ló gbé wá láti ọdún tó ṣáájú, máàkì 15 ni lẹ́sìn fi kún un. Lẹ́sìn tó ń ṣe iṣẹ́ gidi máa ń ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í bínú tí òbí bá bèèrè.

Bí wọ́n bá wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé àwọn ní ènìyàn ní ibùdó ìdánwò, ẹ dìde níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìka ọwọ́ ọmọ yín àti fọ́tò rẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ JAMB, kì í ṣe ti olórí lẹ́sìn, èsì ọmọ yín ni wọn yóò sì fagi lé tí màgòmágó bá tú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wá jókòó lọ́jọ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe àtúnṣe ìdánwò. Ọjọ́ yẹn ni ẹ máa mọ olùkọ́. Ẹ jẹ́ ká mú kẹ́mísìrì kan wò: iná tó jẹ́ 2 amperes gba inú omi copper sulphate kọjá fún 965 ìṣẹ́jú-àáyá, gíráàmù copper mélòó ló lẹ̀ mọ́ cathode? Wọ́n á fún ọmọ ní Cu = 64 àti 96,500 coulombs fún Faraday kan. 2 lọ́nà 965 jẹ́ 1,930 coulombs. Ẹ fi 96,500 pín in, ó di 0.02 mole electron. Copper kan ń gba electron méjì, nítorí náà 0.01 mole copper ni, tí í ṣe 0.64 gíráàmù. Ọmọ tó gbàgbé láti fi méjì pín in yóò rí 1.28, kò sì ní yà wá lẹ́nu bí 1.28 bá wà lára ìdáhùn mẹ́rin tó ń wò ó lójú, torí àwọn tó ń ṣètò ìbéèrè mọ ibi tí ọmọ ti ń já sí kòtò. Olùkọ́ tó ní “C ni, ó yá, èyí tó kàn” kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tó dúró, tó ní “Ta ló mú 1.28? Wá fi bó o ṣe ṣe é hàn wá,” owó yín tọ́ sí i.

Kí ọmọ ní ìwé kan fún àṣìṣe, kó fa ìlà sí i sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí mi ò mọ̀ rárá, èyí tí mo mọ̀ tí mo sì ṣì, èyí tí àkókò kò jẹ́ kí n dé. Bí èyí àkọ́kọ́ bá pọ̀ jù, ìwé kíkà ló kù. Bó bá jẹ́ ìkejì, ìkánjú ni. Bó bá jẹ́ ìkẹta, ẹ fi ọmọ sídìí kọ̀ǹpútà sí i. Láìsí irú ìwé yìí, ọmọ á máa ṣe ìbéèrè àtẹ̀yìnwá kiri, ibi tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò sì máa mọ̀ sí i.

Ohun kan tún wà tí àwọn lẹ́sìn JAMB máa ń gbójú fò. Mátíìsì kò sí nínú JAMB ẹni tó fẹ́ ka ìṣègùn, àmọ́ kò sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó máa mú ọmọ láìní kírẹ́dìtì mátíìsì nínú WAEC tàbí NECO, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti sáyẹ́ǹsì mẹ́ta yẹn, ọ̀pọ̀ wọn sì fẹ́ kí márààrún wà nínú ìjókòó kan. SS3 ni ọmọ yín wà. Lẹ́sìn tó bá ní kó gbé mátíìsì tì títí di ìgbà tí JAMB bá kọjá ń gbẹ́ kòtò fún un.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kà sílẹ̀, ti ọmọ ogún yẹn la fara mọ́, nítorí nínú ogún ni olùkọ́ ti lè mọ ẹni tó mú 1.28. Bí wọn kò bá ní kọ̀ǹpútà, kí ẹ máa mú un lọ ibùdó CBT (ìdánwò orí kọ̀ǹpútà) tó wà nítòsí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù méjì tó ṣáájú ìdánwò, kó sì forúkọ sílẹ̀ fún mock JAMB. Èsì mock kò wọ inú èsì gidi, kí ojú ọmọ lè mọ ibẹ̀ ni. Ti orí fóònù dára fún kíkọ́ nǹkan tó ṣókùnkùn sí i lálẹ́, kó má ṣe jẹ́ òun nìkan. Sílábọ́ọ̀sì JAMB, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ gbé e dání lọ bá olórí lẹ́sìn, kó fi ọ̀sẹ̀ tí wọn yóò kọ́ orí kọ̀ọ̀kan hàn yín. Ẹni tí kò bá lè ṣe é kò tíì ṣètò iṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo gba 268 nínú JAMB: Gẹ̀ẹ́sì 58, báyọ́lọ́jì 70, kẹ́mísìrì 72, físíìsì 68. Mo gba 54 nínú post-UTME, ìdánwò tí Yunifásítì Ìbàdàn (UI) fúnra wọn ń ṣe lẹ́yìn JAMB, wọn ò sì mú mi. Ṣé kí n san owó lẹ́sìn ọdún kan gbáko kí n lè wọ 300? — Ọmọ yín, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Pẹ̀lẹ́, ọmọ wa. Ṣe ìṣirò ná. UI ń fi 8 pín máàkì JAMB, wọ́n sì ń fi 2 pín ti post-UTME, wọ́n á wá pa á pọ̀. Tìrẹ jẹ́ 33.5 àti 27, àpapọ̀ 60.5. Bí o bá fi odindi ọdún kan gbé JAMB dé 300, 4 péré ló máa fi kún un. Bí post-UTME bá kúrò ní 54 dé 70, 8 ni. Ibẹ̀ ni kí owó rẹ lọ.

Lẹ́sìn JAMB oṣù mẹ́rin sí márùn-ún ti tó ẹ, Gẹ̀ẹ́sì ni kó sì ṣíwájú. Àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì máa ń rò pé Gẹ̀ẹ́sì á wá fúnra rẹ̀. Nǹkan bíi 10 nínú 60 ìbéèrè yẹn ń wá láti inú ìwé ìtàn tí JAMB yàn fún ọdún náà. Kà á lẹ́ẹ̀mejì. Pa lára owó náà mọ́ fún lẹ́sìn post-UTME, èyí tí í bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn JAMB, kí o sì rí i pé ìbéèrè ilé-ẹ̀kọ́ tí ìwọ ń lọ ni wọ́n ń lò. Ìṣirò ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn: OAU fún JAMB ní 50, post-UTME ní 40, èsì WAEC ní 10. UNILAG fún JAMB ní 50, post-UTME ní 30, WAEC ní 20. Bí UNILAG bá wà lọ́kàn rẹ tí kírẹ́dìtì rẹ sì jẹ́ C5 àti C6, kò sí lẹ́sìn JAMB tó lè tún ìyẹn ṣe. WAEC ni kí o tún kọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọkùnrin mi wà ní Year 12, medicine ló fẹ́ kà. Wọ́n ń bèèrè owó gọbọi lọ́wọ́ wa fún kọ́ọ̀sì ọjọ́ méjì lórí UCAT, ìdánwò tí àwọn yunifásítì níbí fi ń yan ọmọ ìṣègùn. Ṣé ó tọ́? — Ìyá ọmọ, Peckham, London.

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì san án, mà. UCAT kì í bèèrè kẹ́mísìrì tàbí báyọ́lọ́jì, bí ọmọ ṣe ń yára ronú ló ń wọ̀n. Apá Verbal Reasoning (kíkà àti lílóye ọ̀rọ̀) nìkan jẹ́ ìbéèrè 44 ní ìṣẹ́jú 22. Ọjọ́ méjì kò lè sọ ẹnikẹ́ni di ẹni tó yára. Wákàtí kan lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló lè ṣe é.

Kó kọ́kọ́ ṣe odindi ìdánwò kan lára àwọn tí UCAT fúnra wọn gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kó ṣe é pẹ̀lú aago. Bó bá jẹ́ pé àkókò ló ń pa á, kó máa ṣe ìbéèrè lọ. Bó bá jẹ́ pé àwọn ìbéèrè Decision Making kò yé e bó ti wù kó pẹ́ tó, olùkọ́ fún apá yẹn nìkan wúlò. Ẹ bá wa yẹ ìwé kọ́ọ̀sì yẹn wò dáadáa: wọ́n ti yọ apá Abstract Reasoning kúrò nínú UCAT láti 2025, máàkì tó pọ̀ jù lọ kò sì ju 2,700 lọ mọ́. Bí ẹ bá rí 3,600 tàbí Abstract Reasoning níbẹ̀, tàbí tí wọ́n bá ń ta BMAT, ìdánwò ìṣègùn mìíràn tó ti parí láti 2023, mọ́ ọn, ìwé àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ gbà lówó yín.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọmọ lè kọ ọ́, láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, UCAS, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń wá àyè sí yunifásítì, sì ń tì fún medicine ní 15 October. Ẹ má gba ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹsàn-án, torí bí àìsàn bá mú un lọ́jọ́ yẹn, ó lè má sí àyè mọ́. Bí ọmọ bá ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ níléèwé, ẹ béèrè fún bursary UCAT kí ẹ tó san owó ìdánwò, nítorí odindi owó náà ló ń gbé kúrò lọ́rùn yín.