Mo Kọ "Credit to Owner" Síbẹ̀, Kí Ló Tún Kù?

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtòkú níbí ni mo ti ń ta àdìrẹ, owó ọjà ò tíì pọ̀ lọ́wọ́ mi, torí náà fótò tí mo bá rí lórí Instagram ni mo máa ń gbé sórí pèéjì mi, tí kọ́sítọ́mà bá ti sanwó ni màá lọ wá èyí tó jọ ọ́ rà nínú ọjà. Mo máa ń kọ "credit to owner" sábẹ́ ẹ̀. Ìyá kan tó ń rẹ aṣọ ní Kẹ́mta wá ní kí n yọ fótò òun kúrò, ó pè mí lólè. Ṣé olè ni lóòótọ́?
Ọmọ Ìtòkú, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mi ò ní pè ẹ́ lólè, ṣùgbọ́n ìyá yẹn jàre ẹ. "Owner" tó o kọ yẹn, ta ni? O mọ̀ ọ́n, o mọ pèéjì ẹ̀, o ò dárúkọ ẹ̀ torí pé bí kọ́sítọ́mà bá mọ̀ ọ́n, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló máa gbà lọ tààrà. Ká tiẹ̀ ní o dárúkọ ẹ̀, ṣé ó gbà fún ẹ ni? Òfin Copyright Act 2022, ìyẹn òfin tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì lo iṣẹ́ oníṣẹ́ láìgbàṣẹ, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2023, ò ní kéèyàn kọ́kọ́ lọ forúkọ fótò sílẹ̀ kó tó di tiẹ̀, bó ṣe yà á tán báyìí, ó ti di tiẹ̀. Instagram náà ní fọ́ọ̀mù tó lè fi fẹjọ́ ẹ sùn, bí ẹjọ́ bá sì ti pọ̀ jù, wọ́n lè ti pèéjì ẹ pa.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti kọ́sítọ́mà. Ọwọ́ la fi ń ṣe àdìrẹ, wàá yọ́ àbẹ́là, wàá fi fóòmù tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ, wàá rì í sínú aró, ibi tí àbẹ́là bá ti sán ni aró máa gbà wọlé, kò sí bí méjì ṣe lè rí bákan náà délẹ̀délẹ̀. Ẹni tó wà l'Ékòó rí iṣẹ́ ìyá yẹn, ó sanwó, nǹkan míì ló bá nínú láílọ́ọ̀nù, ó wá ń sọ kiri pé oníjìbìtì làwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta, ìyá tí ò gba kọ́bọ̀ níbẹ̀ sì wà nínú àwọn tí kọ́sítọ́mà yẹn ń bú o.

Yọ gbogbo ẹ̀ lónìí, kó o lọ bẹ̀ ẹ́, kó o sì bi í bóyá ó máa jẹ́ kó o máa bá òun tà, torí ọ̀pọ̀ alájàpá ló ń gba fótò lórí WhatsApp lọ́wọ́ àwọn tó ń rẹ aṣọ, tí wọ́n á fi èrè tiwọn lé e, kò sẹ́ni tó ń bínú. Bó bá ní òun ò fẹ́, fi í sílẹ̀, bẹ ẹni tó o ti ń ra ọjà kó jẹ́ kó o na aṣọ síta láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kó o fi fóònù ẹ ya èyí tó o fẹ́ tà gan-an.