Ṣé Iná Núkílíà Kékeré ti Wylfa Máa Dín Owó Iná Ṣọ́ọ̀bù Mi Kù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa ni mo ní ní Liverpool, fírísà mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ iná núkílíà kéékèèké sí Wylfa ní Wales, pé owó iná yóò wálẹ̀. Kọ́ńtíráàtì iná mi ń parí lọ. Ṣé kí n mú ti ọdún kan péré, kí n máa retí iná tuntun yìí? Ṣé kò sì léwu?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ẹ má fi ti Wylfa ṣírò kọ́ńtíráàtì yín rárá. Lóòótọ́ ni ìjọba kéde ní November 2025 pé ibẹ̀ ni wọn yóò kọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ sí. Ilé iṣẹ́ Rolls-Royce SMR (SMR ni ìkékúrú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ̀rọ núkílíà kékeré) ni wọ́n yàn láti ṣe ẹ̀rọ rẹ̀. Àmọ́ nǹkan bí ọdún 2035 ni ìjọba fúnra rẹ̀ ń retí kí iná bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Fírísà yín kò lè dúró dè é.

Ọ̀rọ̀ "kékeré" yẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo nínú wọn yóò máa mú 470 mẹgawáàtì wá, bẹ́ẹ̀ 300 ni IAEA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ núkílíà, fi ṣe òpin ohun tí à ń pè ní kékeré. Ilé iṣẹ́ àtijọ́ tó wà ní Wylfa kan náà, tó ṣiṣẹ́ láti 1971 títí di òpin 2015, ẹ̀rọ méjì ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bí 490 wá. Ẹ ò rí i pé wọn ò jìnnà síra! Iṣẹ́ ìkọ́lé ní Wylfa fúnra rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kó kéré: fáktírì ni wọn yóò ti ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀, wọn á fi ọkọ̀ ẹrù kó o wá, wọn á tò ó pọ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe irú kan náà léraléra, ọwọ́ á mọ́ ọn, owó á sì já wálẹ̀. Mo fara mọ́ ọgbọ́n yẹn. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ìkankan nínú ẹ̀rọ Rolls-Royce yìí tó ń ṣiṣẹ́ níbikíbi láyé, ojú wa sì ti rí ti Hinkley Point C, ilé iṣẹ́ núkílíà ńlá tí wọ́n ń kọ́ ní Somerset: bílíọ̀nù 18 pọ́n-ùn ni wọ́n pè é ní 2016, nígbà tó di 2024, EDF, ilé iṣẹ́ tó ń kọ́ ọ, ní ó lè tó 35, ní iye tí owó jẹ́ ní 2015.

Ní ti ewu, ẹ rántí ààrò igi. Bí ẹ bá yọ gbogbo igi kúrò, ẹyin iná ṣì wà nílẹ̀. Ìkòkò tí kò lómi tí ẹ bá gbé ka orí rẹ̀ á jó. Bí yúréníọ̀mù, epo tí ẹ̀rọ núkílíà ń lò, ṣe rí nìyẹn. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ, nǹkan bí ìpín 6 tàbí 7 nínú 100 ooru rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, omi sì gbọ́dọ̀ máa mú un tutù títí yóò fi rọlẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ núkílíà Fukushima ní Japan ní 2011, àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ti pa ara wọn nígbà tí ilẹ̀ mì. Omi òkun ló bo jẹnẹrétọ̀, kò wá sí iná tí yóò máa fa omi sí wọn mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá bí omi yóò ṣe máa ṣàn fúnra rẹ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tuntun. Office for Nuclear Regulation, àjọ tó ń ṣọ́ ààbò núkílíà ní Britain, ti ń yẹ àwòrán ti Rolls-Royce wò láti 2022. Pàǹtí rẹ̀ ló ká mi lára jù: títí di báyìí, Britain kò tíì ní ibi tí wọn yóò rì í mọ́lẹ̀ sí títí láé.

Ní ti bíìlì yín, owó gáàsì ló ṣì sábà ń pinnu iye tí iná ń lọ lọ́jà. Owó díẹ̀ sì ti ń wọ orí bíìlì báyìí fún Sizewell C, ilé iṣẹ́ núkílíà ńlá tí wọ́n ń kọ́ ní Suffolk: nǹkan bí pọ́n-ùn kan lóṣù ni ìjọba ṣírò rẹ̀ sí fún ilé gbígbé, ti ṣọ́ọ̀bù á tẹ̀ lé iye iná tí ẹ bá lò. Òpin tí Ofgem, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà iná àti gáàsì, fi sí owó iná, ilé gbígbé nìkan ló wà fún, kò dé ọ̀dọ̀ yín. Torí náà, ẹ gba iye owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ fi ti ọdún kan wé ti ọdún mẹ́ta.

Lálẹ́ òní, ẹ fi bébà kan há ẹnu ilẹ̀kùn fírísà kọ̀ọ̀kan, ẹ tì í, ẹ wá fa bébà náà. Èyí tó bá yọ wọ́rọ́, rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti rọ, ẹ pààrọ̀ rọ́bà náà.