Lílo awò VR lórí Linux: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Linux ni mo ń lò lórí kọ̀ǹpútà mi, n kò sì fẹ́ pa á tì. Mo ní Meta Quest 3 kan, ìyẹn awò VR tí a ń dé sójú, tí mo ń lò láì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ máa fi ṣe àwọn géèmù VR tí mo ní lórí Steam, ilé ìtajà géèmù ti Valve. Àwọn kan ní kò ṣeé ṣe láìsí Windows, àwọn mìíràn ní kí n ta Quest náà, kí n fi ra Valve Index, awò VR tí Valve ṣe. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ta nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe, èyí tí ẹ ní lọ́wọ́ sì tó bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, Link, ètò tí Meta fúnra wọn ṣe láti so Quest mọ́ kọ̀ǹpútà, kò sí fún Linux, ṣùgbọ́n ẹ kò nílò rẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń da ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàmú kì í ṣe awò, bí kò ṣe ètò tó wà láàárín awò àti géèmù, èyí tí a ń pè ní runtime. Òun ló ń gba ìròyìn ibi tí orí àti ọwọ́ yín wà, tó ń fi í jíṣẹ́ fún géèmù, tó sì ń gba àwòrán tí géèmù yà kí ó tó gbé e sí iwájú ojú yín. Lórí awò tó ń ṣiṣẹ́ ní 90 Hz (àwòrán 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), àwòrán tuntun gbọ́dọ̀ dé ní nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ńdù 11 sí ara wọn; bí wọ́n bá ń pẹ́ tàbí tí wọ́n ń já, òòyì á kọ́ yín, èébì á sì máa gbé yín. Láti ìgbà tí Khronos Group ti gbé OpenXR 1.0, ìlànà àjùmọ̀lò tó wà láàárín géèmù VR àti runtime, jáde ní ọdún 2019, géèmù tí a bá kọ fún un lè bá runtime èyíkéyìí tó gbà á ṣiṣẹ́ pọ̀. Monado ni èyí tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn lórí Linux. SteamVR, runtime ti Valve, náà wà, ṣùgbọ́n Valve kò ṣí kóòdù tirẹ̀ sílẹ̀.

Fún Quest, ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. ALVR máa ń gbé àwòrán láti inú SteamVR lọ sínú awò, nígbà tí WiVRn, tí a kọ́ lé Monado lórí, kò nílò SteamVR rárá. WiVRn ni èmi yóò ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé bí nǹkan kò bá lọ déédéé, ibi tí ẹ ó wò kò pọ̀. Ẹ gba ti kọ̀ǹpútà láti Flathub, ibi tí a ti ń gba ètò fún Linux, kí ẹ sì rí i pé ẹ̀yà kan náà ló wà nínú awò, nítorí pé bí ẹ̀yà méjèèjì bá yàtọ̀, wọn kì í gbọ́ra wọn yé.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wáyà ni kí ẹ fi so kọ̀ǹpútà mọ́ router, kí awò sì máa lo Wi-Fi 5 GHz tàbí 6 GHz, nínú yàrá kan náà pẹ̀lú router bí ó bá ṣeé ṣe. Bí awò kò bá rí kọ̀ǹpútà rárá, ẹ wò bóyá Avahi, ètò tó ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ rí ara wọn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì ṣí port (ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) 5353 fún UDP àti port 9757 fún TCP àti UDP nínú firewall, ètò tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọ̀nyí. Mo ti rí àwọn tó tún gbogbo ètò kọ̀ǹpútà wọn ṣe látìbẹ̀rẹ̀ nítorí port kan ṣoṣo tó wà ní títì.

Bí wọ́n bá ti ríra wọn, ẹ má kọ́kọ́ ṣí géèmù ńlá. Ẹ ṣí xrgears, tó kàn ń fi àwọn jíà tó ń yí hàn, kí ẹ sì rọra yí orí: bí àwọn jíà náà bá dúró sójú kan láì gbọ̀n, gbogbo rẹ̀ ti bọ́ sípò. Bí ó bá jẹ́ pé SteamVR ló ń dìde dípò WiVRn, ẹ ṣí fáìlì `~/.config/openxr/1/active_runtime.json`, ibẹ̀ ni orúkọ runtime tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé wà. Géèmù Steam máa ń ṣiṣẹ́ nínú àpótí tirẹ̀, kò sì ní rí WiVRn láì jẹ́ pé ẹ sọ fún un. WiVRn yóò fi ìlà kan hàn yín láti dà kọ sínú "launch options" géèmù náà. Àwọn géèmù àtijọ́ tí a kọ fún OpenVR, ìlànà Valve tó ṣáájú OpenXR, tún nílò ògbufọ̀ láàárín, irú bíi OpenComposite tàbí xrizer.

Ní ti Valve Index, awò tó dára ni, pàápàá fún ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun nípa Wi-Fi. Wáyà DisplayPort ló ń lò, SteamVR sì mọ̀ ọ́n tààrà lórí Linux. Ṣùgbọ́n ẹ ó ní láti gbé àwọn base station rẹ̀, àwọn àpótí kékeré tó ń jẹ́ kí awò mọ ibi tó wà, kọ́ sára ògiri tàbí kí ẹ gbé wọn sórí ohun tó dúró ṣinṣin, kí ẹ sì fi steam-devices sí kọ̀ǹpútà kí Steam lè ní àṣẹ lórí àwọn ohun èlò USB náà.

Kí ẹ tó ra géèmù mìíràn, ẹ wo orúkọ rẹ̀ lórí ProtonDB, ojúlé tí àwọn ènìyàn ti ń ròyìn bí géèmù ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí Linux. Inú Steam ni kí ẹ sì ti rà á, nítorí pé èyí tí ẹ bá rà fún inú Quest nìkan kò ní tẹ̀ lé yín dé orí Linux.