Ẹ̀jẹ̀ tán lára ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó ń lo oògùn ẹ̀dọ̀: ṣé tèmi náà á rí bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin apòògùn wa. Ẹja ni mo ń tà ní ọjà Olúwo, l'Ẹ́pẹ́. Oṣù tó kọjá ni àyẹ̀wò fi hàn pé mo ní hẹpatáítìsì C. Dókítà kọ sofosbuvir àti daclatasvir fún mi, ó ní oṣù mẹ́ta ni màá fi lò ó. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ní 2012, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ bàbá àti ìyá kan náà ni wá, gba ìtọ́jú àrùn yìí. Wọ́n ń gún un ní abẹ́rẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ń lo ribavirin. Kò pé oṣù kan tí PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, fi já sí 22, ni wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Màmá wa ní ara ìdílé wa kì í gba oògùn òyìnbó. Ṣé òótọ́ ni? AA ni ẹ̀gbọ́n mi, AS ni èmi.

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ fọkàn balẹ̀. Oògùn tó ṣe ẹ̀gbọ́n yín bẹ́ẹ̀ kò sí nínú èyí tí dókítà kọ fún yín.

Ribavirin ni. Bí ènìyàn bá ti gbé e mì, inú sẹ́ẹ̀lì pupa tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń kó sí, kì í sì í tètè jáde níbẹ̀. Bó ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára tí sẹ́ẹ̀lì náà fi ń gbé ara ró ń tán, títí á fi fọ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Oṣù àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, ìdí nìyẹn tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ kejì àti ọ̀sẹ̀ kẹrin. Tí hemoglobin, èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa, bá wálẹ̀ ju 10 lọ, ìyẹn PCV bíi 30, wọ́n á dín ribavirin kù. Tó bá wálẹ̀ ju 8.5 lọ, wọ́n á dá a dúró. Abẹ́rẹ́ ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹn, interferon, tún dá kún un, torí ó ń dí mùdùnmúdùn inú egungun lọ́wọ́ láti pèsè ẹ̀jẹ̀ tuntun.

Ẹ má bá màmá jà o, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àbùdá lọ́wọ́ sí i. Ní 2010 ni àwọn onímọ̀ rí i pé jíìnì kan tó ń jẹ́ ITPA ní ipa ńlá nínú bí ribavirin ṣe ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ tó. Ohun tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé àwọn tí jíìnì yìí kò ṣiṣẹ́ tó lára wọn gan-an ni ẹ̀jẹ̀ wọn kì í fọ́ púpọ̀. Irú wọn pọ̀ ní Japan. Nítorí náà, ẹ má rò pé àbùkù kan wà lára ẹ̀gbọ́n yín. Ó ṣeé ṣe kí ITPA tirẹ̀ máa ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, bíi ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, kó kàn má ní ààbò tí àwọn díẹ̀ bí mọ́ra.

Àti pé ọmọ ìyá kì í jogún àbùdá ní dọ́gbadọ́gba. Ẹ̀yin fúnra yín ti kọ ẹ̀rí rẹ̀ sínú ìbéèrè yín: AA ni wọ́n, AS ni ẹ̀yin, inú kan náà lẹ sì ti jáde. Bí èyí ṣe yàtọ̀ ni ITPA yín náà lè yàtọ̀. AS yín kò sì dí ìtọ́jú lọ́wọ́. Àwọn SS ni a kì í fún ní ribavirin, torí sẹ́ẹ̀lì pupa tiwọn ti ń fọ́ tẹ́lẹ̀.

Nǹkan kan wà tó máa ń dùn mí nípa ìgbà interferon. Oògùn náà tún máa ń dín sẹ́ẹ̀lì funfun kù. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan, neutrophil, kéré lára wa láti ìbí, kì í ṣe àìsàn. Àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní Duffy, tó ń gbà wá lọ́wọ́ irú ibà kan, ló fà á. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ara òyìnbó ni wọ́n fi ń wọ̀n wá, wọ́n sì lè torí ẹ̀ dín oògùn ẹni tí nǹkan kan kò ṣe kù, tàbí kí wọ́n má fún un rárá.

Tiyín kò ní interferon nínú. Sofosbuvir àti daclatasvir kì í fọ́ ẹ̀jẹ̀. Orí fífọ́, àárẹ̀ àti èébì díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí. Ó ju mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ tí àrùn náà ń kúrò lára wọn. Ẹ kò nílò àyẹ̀wò jíìnì kankan. Àfi tí ẹ̀dọ̀ bá ti le gan-an, tí omi ti ń gbá jọ síkùn, ni dókítà lè fi ribavirin kún un. Nígbà náà, ẹ rí i pé wọ́n yẹ PCV yín wò ní ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹrin, ẹ má sì ṣe lóyún nígbà tí ẹ bá ń lò ó àti títí oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀, torí ó ń ba ọmọ inú jẹ́.

Ohun tó jẹ mí lógún jù lórí ọ̀rọ̀ yín kò tilẹ̀ kan jíìnì. Ṣé wọ́n ti yẹ hẹpatáítìsì B wò? Ẹ kò mẹ́nu bà á, ó sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí oògùn yìí bá ti lé C lọ, B tó ti sùn sínú ẹ̀dọ̀ lè jí, kó sì bá ẹ̀dọ̀ jà gidigidi. Láti 2016 ni àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà ti ń kìlọ̀ rẹ̀. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún dókítà, pàápàá rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ife àti amiodarone ti ọkàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àgbo tì ná.

Bí wọn kò bá tíì ṣe àyẹ̀wò B, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn náà. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ ní kí wọ́n ṣe HBsAg fún yín. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa gbà.